KÍ AJÍLẸ̀ JINNÁ KÍ Ẹ̀FỌ́ TÓ JẸ Ẹ́

Ìwé ìtọ́ni fún àwọn olóko ẹ̀fọ́ ní ìgboro Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀



Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, ata àti tòmátì ní etí odò àti ní àkùrọ̀ tí ó wà láàárín ìgboro, nítorí yín ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ní Bódìjà, ẹ̀yin ará Agbowó àti Àjíbódè, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Challenge àti Ring Road jáde lọ sí oko yín ní kùtùkùtù, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fẹ́ bá gbogbo yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun tí ó lè ran yín lọ́wọ́ dípò ajílẹ̀ tí ẹ ń fi owó ńlá rà nínú àpò kò jìnnà sí yín rárá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá jẹ́ kí ó jinná kí a tó fún ẹ̀fọ́, yóò jó ẹ̀fọ́ náà, ó sì lè fi àìsàn ṣe ẹni tí ó bá jẹ ẹ́.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ajílẹ̀ òyìnbó kì í ṣe ohun búburú. Ní ọdún 1909 ni Fritz Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé a lè mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kí a sì sọ ọ́ di ohun tí a lè fi ṣe oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn. Carl Bosch ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Oppau ní ọdún 1913. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ayé ti ń rí oúnjẹ jẹ nípa rẹ̀.

Ohun tí ó ń dun àgbẹ̀ kékeré ni pé iye tí a ń tà á kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine ní ọdún 2022, ajílẹ̀ gbówó lórí ní gbogbo ayé. Lóòótọ́ ni a ń ṣe yùríà ní Nàìjíríà fúnra wa, síbẹ̀ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjà àgbáyé kì í ṣàì kàn wá. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tí ó ń gbé àpò ajílẹ̀ dé oko tún lọ sókè. Ẹni tí ó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ní etí odò kò lè dá ogun dúró, kò sì lè sọ iye tí náírà yóò jẹ́ lọ́la. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ààtàn tí ó wà nítòsí rẹ̀.

2. Ohun tí ilẹ̀ wa ń fẹ́

Ilẹ̀ òkè ní Ìbàdàn, iyanrìn ni ó pọ̀ jù ní ojú rẹ̀. Iyanrìn kì í di omi mú pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, apá kan nínú ajílẹ̀ tí a dà sílẹ̀ ní àná yóò ṣàn lọ sínú odò. Ohun tí ó ń di omi àti oúnjẹ mú nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohun dúdú tí ó ń ti ara ewé, koríko àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà wá. Àwọn baba wa kò sọ ọ́ ní orúkọ tí a ń kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n a máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó lè sinmi, kí ewé lè wọ́ sílẹ̀ kí ó sì jẹrà. Wọ́n sì mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ tí ó hù ní ààtàn a máa fẹ̀ ní ewé ju èyí tí a gbìn sí oko lọ.

Ní ìgboro òde òní, ilẹ̀ kò rí àyè sinmi mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni olóko ẹ̀fọ́ ń gbin ẹ̀fọ́ sí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún. Ajílẹ̀ òyìnbó tí a mọ̀ sí 15-15-15 ń fún ilẹ̀ ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀táṣíọ̀mù, ṣùgbọ́n kò fún un ní ohun dúdú náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé yùríà nìkan ni a ń dà sílẹ̀ ní ọdọọdún, ilẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ekòló yóò dínkù nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò le, iye ajílẹ̀ tí ó ń béèrè yóò sì máa pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ tí ó bá ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n tí òun ń lò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò tó mọ́, kí ó mọ̀ pé ara ilẹ̀ ni kò dá.

3. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ní Bódìjà

Àwọn àgbà ní, ààtàn tí yóò kún kì í kọ ilẹ̀. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó ọjà Bódìjà. Iṣu, ẹ̀wà, ata, tòmátì àti ewé ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tí ó bá sì bàjẹ́ a di ẹrù ìdọ̀tí. Àwọn tí ń la pákó ní ìyẹ̀fun igi tí ó ń kóra jọ lábẹ́ ayùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú, ibẹ̀ ni a ti ń pa màlúù, kí ìjọba tó pèsè ibi ìpamàlúù titun sí Amósùn ní Akínyẹlé. Ìgbẹ́ màlúù àti ohun inú agbẹ̀du kì í ṣe díẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà náà.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀. Pace Setter ni orúkọ tí a fún ajílẹ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar àti Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Adéoyè, ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni a ṣe: ọ̀kan tí a fi èròjà ajílẹ̀ òyìnbó díẹ̀ kún, àti èkejì tí a kò fi nǹkan kan kún.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni àgbẹ̀ lè mú láti inú iṣẹ́ náà. Èkíní, a gbọ́dọ̀ ṣa ọ̀rá, ìgò fífọ́, irin àti òkú bátìrì kúrò nínú ìdọ̀tí kí a tó fọwọ́ kàn án. Èkejì, a kì í di ìdọ̀tí tútù sínú àpò fún àgbẹ̀. A ní láti kó o jọ kí ó gbóná, kí a yí i, kí ó sì jẹrà tán. Ẹ̀kẹta, ajílẹ̀ jíjẹrà àti ajílẹ̀ òyìnbó kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ẹ̀rọ ṣe ní Bódìjà, olóko lè fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ṣe é ní ìwọ̀nba ní etí oko rẹ̀.

4. Ewu tí ó wà nínú ìgbẹ́ tútù

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, mo lọ wo oko ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àkùrọ̀ lẹ́yìn Agbowó. Ó ti gbọ́ pé ìgbẹ́ adìẹ dára ju ajílẹ̀ inú àpò lọ. Ó ra ẹ̀kún ọkọ̀ kékeré kan, ó dà á sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n kó o dé, ó sì gbin irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Èyí tí ó hù kò tó ìdajì. Etí ewé èyí tí ó kù gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Ó bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa fún mi?” Mo dá a lóhùn pé wọn kò parọ́ fún un, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Owó tí ó fi ra irúgbìn àti èyí tí ó fi gbé ẹrù náà ti lọ.

Ewu mẹ́ta ni ó wà nínú ìgbẹ́ tútù. Èkíní ni ooru àti agbára òórùn rẹ̀ tí ó máa ń ta ni ní imú. Ohun kan náà tí ó ń ta ni ní imú ni ó ń jó gbòǹgbò. Èkejì ni irúgbìn koríko. Màlúù jẹ koríko, ọ̀pọ̀ irúgbìn rẹ̀ kò sì kú nínú ikùn. Ẹni tí ó da ìgbẹ́ màlúù tútù sí oko gbin koríko fún ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti àìsàn inú mìíràn, pẹ̀lú ẹyin aràn, a máa wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn olóko tí kò ń lo kẹ́míkà sọ pé bí a bá da ìgbẹ́ tútù sí ilẹ̀, ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó kórè ohun jíjẹ tí ó ń fara kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tiwa ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni a ti ń fà á tu. Bí a bá da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbìn ín, a ó ti fà á tu, a ó ti tà á, a ó sì ti jẹ ẹ́ kí ìdá mẹ́ta ọjọ́ wọ̀nyẹn tó pé. Òjò tí ó ń rọ̀ a sì máa ta ẹrẹ̀ ilẹ̀ sí ara ewé. Lóòótọ́ ni iná ọbẹ̀ ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, ṣùgbọ́n létúùsì àti kùkúńbà kì í sábà dé orí iná. Nítorí náà, níwọ̀n bí ẹ̀fọ́ wa kò ti lè dúró de ìgbẹ́, ìgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná ní ibòmíràn kí ó tó pàdé ẹ̀fọ́.

5. Bí a ti ń se òkìtì ajílẹ̀

Ní ọdún 1924 sí 1931 ni Albert Howard, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní Indore ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó wo bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe, ó sì fi ọ̀nà kan lélẹ̀: kí a to koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran ní ìpele ìpele, kí a sì máa yí i. Ọ̀nà náà ni a mú bá ohun tí a ní ní Ìbàdàn mu níhìn-ín.

(a) Ẹ yan ibi tí omi kì í dúró sí, tí kò sì sún mọ́ kànga tàbí odò. Kí ó wà lábẹ́ ìbòòji bí ó bá ṣeé ṣe.

(b) Ẹ kó ohun gbígbẹ jọ: koríko, háhá àgbàdo, èèpo ẹ̀wà, ewé gbígbẹ, ìyẹ̀fun igi díẹ̀. Ẹ kó ohun tútù jọ pẹ̀lú: ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti màlúù, ewé tí ó bàjẹ́ ní ọjà, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, eèrí ògì. Ẹ má ṣe fi ẹran, epo tàbí ìgbẹ́ ajá sí i.

(d) Kí ohun gbígbẹ jẹ́ garawa mẹ́ta sí ohun tútù garawa kan. Bí ìgbẹ́ adìẹ yín bá ti ní ìyẹ̀fun igi nínú láti ilé adìẹ, ẹ lè dín ohun gbígbẹ kù díẹ̀.

(e) Ẹ to ohun gbígbẹ ní ìpele tí ó ga tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ da ohun tútù tín-ín-rín lé e, kí ẹ sì wọ́n omi sí i. Ẹ tún to òmíràn, títí òkìtì yóò fi tó mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ ní gíga, ní ìbú àti ní gígùn. Òkìtì tí ó kéré ju mítà kan lọ kì í gbóná tó.

(ẹ) Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀. Bí omi kán tótó kan tàbí méjì, ó tọ́. Bí omi bá ń ṣàn, ẹ fi ohun gbígbẹ kún un. Bí kò bá kán rárá, ẹ bomi rin ín.

(f) Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí tapólíìnì bò ó, kí òjò má ba à fọ agbára rẹ̀ lọ, kí oòrùn má sì gbẹ ẹ́.

(g) Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dì í mú pẹ́, iná òkìtì ti ń jó. Ooru yìí, tí ó bá tó ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ni ó ń pa kòkòrò àìsàn àti irúgbìn koríko.

(gb) Ẹ yí òkìtì náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí ohun tí ó wà ní ìta bọ́ sí inú, kí èyí tí ó wà ní inú bọ́ sí ìta. Ẹni tí kò bá yí i, àárín nìkan ni yóò jinná fún un. Etí rẹ̀ yóò wà ní tútù bí ẹ̀bá ìkòkò tí a kò ro. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ẹ má ṣe da eérú lé ìgbẹ́ tútù, nítorí eérú a máa lé náítírójìn rẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi eérú pamọ́, kí ẹ wọ́n ọn sí ilẹ̀ níwọ̀nba nígbà mìíràn. Ẹ má sì ṣe da ìyẹ̀fun igi tútù sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ rò ó mọ́ ilẹ̀. Bí ó ti ń jẹrà, yóò máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀fọ́, ewé yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

6. Àmì pé ajílẹ̀ ti jinná

Ajílẹ̀ tí ó ti jinná a máa dúdú, a máa rọ̀ ní ọwọ́, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. Kò ní gbóná mọ́ bí a tilẹ̀ yí i. A kò ní lè tọ́ka sí èyí tí ó jẹ́ èèpo iṣu tàbí ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ bu díẹ̀ sínú agolo, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì gbin irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí ó bá hù dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ewé rẹ̀ kò jó, ẹ lè gbé e lọ sí oko. Agolo kan a máa gba bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá là.

7. Ìwọ̀n tí a ó lò

Ẹ jẹ́ kí a mú bẹ́ẹ̀dì kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jinná tí ó sì gbẹ, kílò 10 ni yóò tó o, èyí tí ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 fún hẹ́kítà kan. Bí ó bá jẹ́ ajílẹ̀ òkìtì tí a pò pọ̀ mọ́ koríko, kílò 20 ni kí ẹ lò. Ẹ wọn garawa yín lẹ́ẹ̀kan lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ mọ iye kílò tí ó ń gbà. Láti ìgbà náà ẹ lè máa fi garawa wọ̀n ọ́n. Ẹ dà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó gbìn, kí ẹ sì fi ọkọ́ rò ó mọ́ ilẹ̀.

Kí ẹni kankan má rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó. Tòmátì tí ó bá jẹ ajílẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ a máa yọ ewé, a máa fi èso sílẹ̀. Èyí tí gbòǹgbò kò bá lè gbà yóò ṣàn lọ sínú odò tí a fi ń bomi rin oko.

8. Ewé tí a lè rì mọ́lẹ̀

Bí ìgbẹ́ ẹran kò bá tó, ewé wà. Ewéko kan ń hù ní etí ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ òfìfo káàkiri Ìbàdàn, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí oòrùn, ewé rẹ̀ sì korò. Jogbo ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń pè é. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà rí i pé ewé rẹ̀ ní náítírójìn àti pọ̀táṣíọ̀mù púpọ̀. Ẹ gé ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ tí ó rọ̀ kí ó tó so èso, ẹ kẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì rì í mọ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Ewé igi àgúnmániyè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní IITA ní Ìbàdàn níhìn-ín ni a ti ṣe ìwádìí lórí irú igi yìí láti àwọn ọdún 1970, tí a ń gbin ohun ọ̀gbìn sí àárín ẹsẹẹsẹ̀ igi náà, tí a sì ń gé ewé rẹ̀ bọ́ ilẹ̀.

9. Ibi tí ajílẹ̀ òyìnbó ṣì wúlò

A kò ní tàn yín. Ajílẹ̀ jíjẹrà wúwo láti gbé, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, kì í sì í fún ẹ̀fọ́ ní gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ tí ó ti gbó lè má fi ìyàtọ̀ púpọ̀ hàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ òyìnbó sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí owó ilé yín bá wà lórí oko náà. Ẹ da ajílẹ̀ tí ó jinná sílẹ̀, kí ẹ sì lo ìdajì èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ nínú ajílẹ̀ òyìnbó. Ní ìgbà tí ó tẹ̀lé e, bí ẹ̀fọ́ bá ṣe dáadáa, ẹ tún dín in kù.

10. Ẹ dán an wò fúnra yín

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán. Ẹ mú bẹ́ẹ̀dì méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ ṣe ọ̀kan bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ajílẹ̀ òkìtì sí èkejì. Ẹ gbin irúgbìn kan náà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ owó tí ẹ ná sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó alágbàṣe. Nígbà tí ẹ bá kórè, ẹ wọn ìdì ẹ̀fọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó pinnu.

Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìtọ́ni ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ sì lè béèrè ìmọ̀ràn ní NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, tí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 1975 jẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀fọ́ àti èso, tàbí ní IAR&T ní Moor Plantation, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀

1. Kí ni ìdí tí iyanrìn ilẹ̀ wa fi ń jẹ́ kí ajílẹ̀ ṣòfò nígbà òjò?
2. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni tẹ̀tẹ̀ ń lò lórí ilẹ̀? Kí ni èyí kọ́ wa nípa ìgbẹ́ tútù?
3. Kí ni ìdí tí a fi ń yí òkìtì ajílẹ̀?
4. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 sí mítà 10, kílò ajílẹ̀ òkìtì mélòó ni wọn yóò gbà?
5. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ni yóò kọ́kọ́ se òkìtì tí gbogbo wa yóò lọ wò, ní ọjọ́ wo sì ni?